Ta Ló Ń Pín Àdírẹ́ẹ̀sì Nínú Ilé Yín?

 

Bí èèyàn bá ń so fóònù Android mọ́ Wáífáì, ọ̀rọ̀ kékeré kan sábà máa ń yọ lábẹ́ orúkọ Wáífáì náà: Obtaining IP address. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Kí ojú tó kà á tán, ó ti lọ, WhatsApp sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá dúró gbagidi tí kò lọ mọ́ ni wàhálà dé. Wọ́n á pa fóònù, wọ́n á tún un tàn. Wọ́n á fa wáyà róútà yọ, wọ́n á tún un kì bọ ojú iná. Ẹlòmíràn á ní dátà ló tán, á sì sáré ra òmíràn lé e, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Ohun tí fóònù ń wá lásìkò yẹn kò ju nọ́ńbà kan lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kù láìní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yìí sì là ń pè ní àdírẹ́ẹ̀sì IP. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló ní, dọ́ọ̀tì ló ń pààlà láàárín wọn, kò sì sí ìsọ̀rí kan tó lè ju 255 lọ. 192.168.0.104 jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Nínú ilé tó ní Wáífáì, róútà ló ń pín nọ́ńbà náà fún fóònù, tẹlifíṣọ̀n, láàpútọ́ọ̀pù àti kámẹ́rà, tọ̀sán tòru, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Orúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ni DHCP. Bí onílé ṣe lè ṣètò rẹ̀ kó má baà dá wàhálà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lálẹ́ òní.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ìpín náà ṣe ń lọ. Fóònù wọlé, kò ní àdírẹ́ẹ̀sì, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kígbe sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kù pé, ta ló lè fún òun ní àdírẹ́ẹ̀sì? Róútà dá a lóhùn pé 104 ṣófo, ṣé yóò gbà á? Fóònù tún kígbe lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé 104 yẹn lòun mú. Róútà wá fọwọ́ sí i: ó ti di tirẹ, iye wákàtí báyìí lo sì ní lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n bá ara wọn sọ, ó sì lè parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni fóònù gbà lọ. Róútà tún ń sọ fún un bí nẹ́tíwọ́ọ̀kù ilé náà ṣe fẹ̀ tó. Ó ń fi ẹnu ọ̀nà tí yóò máa gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì hàn án. Ó sì ń fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì DNS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù yóò máa bi léèrè ibi tí google.com tàbí orúkọ báńkì kan wà gan-an nígbàkigbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ti DNS yìí pamọ́ sọ́kàn. Àwọn olè mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ níwájú.

Kí ló dé tí fóònù fi ní láti kígbe lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí róútà ti fún un ní nọ́ńbà? Ìdí ni pé àwọn tó ṣe ètò náà mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì lè ju ẹyọ kan lọ. Bí méjì bá dáhùn, fóònù á mú ọ̀kan, èkejì á sì gbọ́ pé wọn kò mú tòun, á dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sínú àpò. Ní ọ́fíìsì ńlá tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣètò àwọn méjèèjì kí wọ́n máa sọ ohun kan náà, èyí dára púpọ̀. Nínú ilé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Fóònù kò ra àdírẹ́ẹ̀sì tó gbà o, ayálégbé ni. Bí àkókò tí wọ́n fún un bá dé ìdajì, á yọ́ lọ bá róútà kó bá òun fi kún un, róútà á sì fi kún un, ẹni tó ń wo fídíò lọ́wọ́ kò ní mọ̀ rárá. Bí róútà kò bá dáhùn, fóònù á mú sùúrù títí àkókò náà á fi dé ìdá méje nínú mẹ́jọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹnikẹ́ni tó bá lè ràn án lọ́wọ́. Bí àkókò bá pé pérépéré láìsí ìdáhùn, ó di dandan kó kó jáde. Ọ̀nà tí róútà fi sàn ju onílé Èkó lọ ni pé kì í gba owó ọdún méjì ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ARPANET tó bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń pín nọ́ńbà. Jon Postel, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Southern California, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ńbà náà. Elizabeth Feinler àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Stanford Research Institute, ní ìlú Menlo Park, ló ń tọ́jú ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo kọ̀ǹpútà wà. Ẹni tó bá sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà kan ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sínú rẹ̀. Kò sí ìṣòro nínú ìyẹn nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà náà kò pọ̀, tí kálukú wọn sì tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò kúrò lójú kan.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò ní dísíkì ló kọ́kọ́ fa ìyípadà. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá jí, kò rántí nǹkan kan, títí kan nọ́ńbà ara rẹ̀, nítorí kò níbi tó lè kọ ọ́ sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, àwọn ará Yunifásítì Stanford gbé ètò kan jáde, RARP lorúkọ rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà lè fi béèrè nọ́ńbà ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Bill Croft àti John Gilmore gbé èyí tó dára jù ú lọ jáde, wọ́n pè é ní BOOTP. Síbẹ̀, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú, kó sì kọ nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá sí nínú ìwé kò ní rí nǹkan gbà. Ọ̀gbẹ́ni Ralph Droms, olùkọ́ ní Yunifásítì Bucknell ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tó gbé DHCP jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1993. Ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀ ni àkókò yíyá tí a sọ yẹn: àjèjì wọlé, ó gba nọ́ńbà, ó lò ó, ó lọ, nọ́ńbà padà sílé. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1997, èyí tí wọ́n tún ṣe yìí sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí róútà ilé yín ń lò títí di òní. Lórí BOOTP ni wọ́n kọ́ ọ lé, débi pé ẹnu ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń pè ní port, 67 àti 68, ni àwọn méjèèjì ń gbà.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè ni ìdí tó fi jẹ́ pé 192.168 ni nọ́ńbà ilé wọn àti ti aládùúgbò wọn fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì irú èyí tó lè wà láyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin lé díẹ̀ lọ, kò sì lè kárí. Ní oṣù kẹta ọdún 1994, wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀ pé ti inú ilé ni, kò gbọdọ̀ jáde sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àwọn kan lábẹ́ 172, àti gbogbo 192.168. Nítorí náà, pírǹtà kan ní Òṣogbo àti tẹlifíṣọ̀n kan ní Peckham ní London lè jọ máa jẹ́ 192.168.1.5 láìsí ìjà, nítorí wọn kò ní pàdé láéláé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n pín èyí tó kù nínú àpò àgbáyé fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan. AFRINIC, tó fìdí kalẹ̀ sí Mauritius, ló gba ti Áfíríkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú róútà.

Nínú ọ̀pọ̀ róútà ilé tó wà lọ́jà, iṣẹ́ ìpín yìí ti wà ní títàn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni á fi sanwó fún ẹni tó ní òun fẹ́ wá tàn án. Ohun tó kù ni kí onílé tún un tò bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ẹ yí róútà dojú dé. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì róútà fúnra rẹ̀ sí, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù. 192.168.0.1 àti 192.168.1.1 ló wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ọ̀pọ̀ róútà 4G ti Huawei ń lo 192.168.8.1. Ẹ so fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù mọ́ Wáífáì róútà yẹn, ẹ pa dátà fóònù, kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà náà sókè pátápátá níbi tí a ti ń tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bù. Àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tí Google fi ń wá nǹkan, wọ́n á wá máa ka ìròyìn nípa róútà dípò kí wọ́n wọ inú tiwọn.

Bí páásíwọ́ọ̀dù bá ti wọlé, ibi tí à ń lọ ni wọ́n kọ LAN tàbí Network tàbí DHCP sí. Ó yàtọ̀ láti róútà sí róútà. Ẹ ó rí DHCP Server, kó wà ní Enable. Ẹ ó rí ibi tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, Start IP Address àti End IP Address. Ọ̀pọ̀ róútà TP-Link ń bẹ̀rẹ̀ láti 100, ó sì ń parí sí 199, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Nínú ilé, ìsọ̀rí tó kẹ́yìn nìkan ló sábà máa ń yí padà, láti 1 dé 254, róútà fúnra rẹ̀ sì ti mú ọ̀kan. Ìdí tí wọn kò fi pín gbogbo rẹ̀ tán ni pé wọ́n fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tí nọ́ńbà wọn kò gbọdọ̀ yí. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ má ṣe fẹ̀ ẹ́ dé 254 nítorí pé àyè ṣì wà.

Ibi tí ó yẹ kí onílé ronú díẹ̀ ni Lease Time, ìyẹn àkókò yíyá. Ìṣẹ́jú 120 ni ọ̀pọ̀ TP-Link ń fúnni, àwọn mìíràn ń fúnni ní odindi ọjọ́ kan. Fún ìdílé tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ń rí, ọjọ́ kan dára. Àmọ́ ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Àlejò dé, wọ́n fún un ní páásíwọ́ọ̀dù Wáífáì kó tó jókòó pàápàá, nítorí ìyẹn náà ti di ara àlejò ṣíṣe báyìí. Ó jẹun tán, ó dágbére, ó ti dé ilé rẹ̀, nọ́ńbà tí fóònù rẹ̀ gbà ṣì wà lórúkọ rẹ̀ títí di ọ̀la. Bí àádọ́ta nọ́ńbà péré bá wà nínú àpò róútà, àwọn tó bá tètè dé ló máa gbà wọ́n tán, àwọn ará ọ̀sán á sì jókòó ti Obtaining IP address. Wákàtí méjì tàbí kan ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti búkà tí oníbàárà ti ń wọlé tó ń jáde. Ẹ ṣọ́ra o, ìṣẹ́jú ni àwọn róútà kan fi ń ka àkókò náà, àwọn mìíràn sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá kà á. Bí ẹ bá rí 86400 níbẹ̀, ọjọ́ kan ni. Ẹni tó tẹ 24 síbi tí wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú kà, tó rò pé wákàtí ni, ti sọ ilé rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń lé ayálégbé jáde ní kíákíá.

Wàyí o, ọ̀ràn róútà méjì.

Báyìí ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Róútà 4G wà ní pálọ̀, Wáífáì rẹ̀ kò dé yàrá ẹ̀yìn. Onílé lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ó ra róútà kejì, ó fa wáyà láti ara ti pálọ̀ dé yàrá, ó sì ki wáyà náà bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tó jọra lẹ́yìn èyí tuntun náà. Iná tàn, Wáífáì ń hàn kedere, inú gbogbo ilé dùn. Kó tó di alẹ́, ọmọ kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Bàbá wọn ní kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n tún un tàn. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáwọ́ dúró. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí àwọn àgbàlagbà máa fura sí aráyé.

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Róútà ti pálọ̀ ń pín 192.168.8, ó sì ń sọ fún àwọn fóònù pé ọ̀dọ̀ òun ni kí wọ́n gbà jáde. Òótọ́ ló sọ, nítorí síìmù wà nínú rẹ̀. Róútà tuntun náà ń pín 192.168.0, ó sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà wà. Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀, nítorí ihò WAN rẹ̀, níbi tó yẹ kí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ṣófo. Fóònù tó bá kígbe, àwọn méjèèjì á dá a lóhùn nítorí wáyà ti so wọ́n pọ̀, èyí tó bá sì kọ́kọ́ dé etí rẹ̀ ló sábà máa ń mú. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi ń yí padà bí ojú ọjọ́ bá a ti ń pa fóònù tí a ń tàn án.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Ẹ yọ wáyà tó so wọ́n pọ̀ ná. Ẹ so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ róútà kejì nìkan, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ padà sí 192.168.8.2, kó bá ti pálọ̀ wà ní agbo kan náà, kó má sì sí láàárín àwọn tí ti pálọ̀ ń pín. Ó lè pa ara rẹ̀, kó tún tàn. Ẹ padà wọlé pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà, ẹ wá lọ sí DHCP Server, ẹ sọ ọ́ di Disable. Ẹ má ṣe yí ètò yìí po: ẹni tó bá kọ́kọ́ pa DHCP á rí i pé láàpútọ́ọ̀pù òun kò rí nọ́ńbà gbà mọ́ láti fi parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá wáyà padà sí ihò LAN. Láti ìgbà náà lọ, ti pálọ̀ nìkan ló ń pín, ti yàrá kàn ń gbé Wáífáì kiri ni. Nínú ọ̀pọ̀ róútà òde òní, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ Access Point sí tó ń ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí òun lè ki wáyà náà bọ ihò WAN, kí òun sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ilé ti di méjì: fóònù tó wà lórí Wáífáì pálọ̀ kò ní rí pírǹtà tó wà lórí ti yàrá. Ẹni tí kò ní pírǹtà lè fara mọ́ ọn.

Ìjà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń so kámẹ́rà aṣọ́lé mọ́ ògiri ni wọ́n sábà máa ń dá a sílẹ̀, láìmọ̀. Kámẹ́rà Dahua máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.108, ti Hikvision sì jẹ́ 192.168.1.64. Bí róútà ilé bá jẹ́ 192.168.1.1, tó sì ń pín láti 100 lọ sókè, 108 wà nínú ohun tó ń pín. Oníṣẹ́ gbé kámẹ́rà kọ́, ó rí àwòrán, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kan NẸ́PÀ mú iná lọ, kámẹ́rà kú, róútà tó wà lórí ínfátà kò kú. Fóònù kan wọlé lásìkò yẹn, róútà wò yíká, kò rí ẹnikẹ́ni tó ń lo 108, ló bá fún un. Iná dé, kámẹ́rà jí, ó ní òun ló ni 108. Ẹ̀rọ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà báyìí, àwòrán á máa dá dúró, fóònù náà á máa já.

Òfin ètò DHCP ní kí ẹ̀rọ tó ń pín kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnikẹ́ni ń lo nọ́ńbà kan kó tó fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó gbà á náà sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò yẹn dára, ṣùgbọ́n kò lè rí ẹni tó ń sùn. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, àwọn ẹ̀rọ tó ń sùn kì í wọ́n.

Ohun tó dára jù ni kí èèyàn má fọwọ́ tẹ nọ́ńbà sínú pírǹtà tàbí kámẹ́rà rárá. Ẹ jẹ́ kí ó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ róútà bíi ti àwọn yòókù, kí ẹ wá sọ fún róútà pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kó máa fún un títí ayé. Address Reservation ni wọ́n ń kọ sí i, àwọn róútà mìíràn ń pè é ní Static Lease. Ohun tí róútà fi ń dá ẹ̀rọ náà mọ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì MAC rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ní ìsọ̀rí mẹ́fà tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ ó bá a nínú àkójọ àwọn tó wà lórí Wáífáì, ẹ ó mú un níbẹ̀, ẹ ó fi nọ́ńbà sí i, ẹ ó tẹ Save. Gbogbo ìpín wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìwé kan ṣoṣo ló sì wà láti yẹ̀ wò bí nǹkan bá dàrú. Àwọn oníṣẹ́ tó bá ń kọ nọ́ńbà sínú kámẹ́rà kiri láìwo inú róútà ń ṣe iṣẹ́ ààbọ̀, ẹ ní kí wọ́n padà wá parí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà pamọ́ fún, ìdíwọ́ kan wà. Láti Android 10 ní ọdún 2019 àti iOS 14 ní ọdún 2020, àwọn fóònù ti ń fi MAC ayédèrú hàn Wáífáì kí àwọn oníṣòwò má baà máa tọpa ẹni kiri láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó dára ní pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìtajà. Nínú ilé yín, ẹ lè pa á fún Wáífáì yẹn nìkan. Ẹ wo ibi tí iPhone kọ Private Wi-Fi Address sí.

Nígbà mìíràn ẹ ó wo àdírẹ́ẹ̀sì láàpútọ́ọ̀pù, ẹ ó rí i pé 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí róútà tó pín ìyẹn. Láàpútọ́ọ̀pù kígbe títí, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá rí i ti mọ ibi tí ìṣòro wà: àárín òun àti róútà ni. Kó má wulẹ̀ pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kó má sì ra dátà. Kó wo wáyà, kó wo bóyá DHCP ṣì wà ní títàn, kó wo bóyá nọ́ńbà ti tán nínú àpò.

Ó wá ku ti DNS tí a ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ sọ́kàn. Ní ilẹ̀ Brazil, ní ọdún 2011, àwọn olè wọ inú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn èèyàn. Wọn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àlàyé Fabio Assolini, ọ̀kan lára àwọn olùwádìí Kaspersky, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ní ọdún 2012 ni pé wọ́n gba ibi àléébù kan tó wà nínú àwọn módẹ́ẹ̀mù náà wọlé, wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù padà, wọ́n sì fi àdírẹ́ẹ̀sì DNS tiwọn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń béèrè ọ̀nà nípasẹ̀ módẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ olè ló ń béèrè rẹ̀. Èèyàn á tẹ orúkọ Google tàbí Facebook, wọ́n á gbé ojú-ewé tó jọ ọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó gba ètò kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ètò náà á sì jí páásíwọ́ọ̀dù báńkì rẹ̀ kó.

Àléébù inú ẹ̀rọ ni ti Brazil, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló sì gbọ́dọ̀ tún irú rẹ̀ ṣe. Bí róútà yín bá ní kẹ́ ẹ gba àtúnṣe tuntun, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹni tí róútà rẹ̀ ṣì ń lo admin gẹ́gẹ́ bí orúkọ, tó tún ń lo admin gẹ́gẹ́ bí páásíwọ́ọ̀dù, kò nílò kí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àléébù. Àlejò tó wá fún ìsọmọlórúkọ lánàá lè jókòó sí pálọ̀, kó wọ inú róútà, kó sì yí ohun tí gbogbo fóònù inú ilé ń gbà padà. Kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù Wáífáì là ń wí o, ti inú róútà fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti wọ ojú-ewé DHCP lálẹ́ yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DNS sí. Bí ẹ bá bá 8.8.8.8 níbẹ̀, ti Google ni, 1.1.1.1 jẹ́ ti Cloudflare. Bí ó bá ṣófo tàbí ó jẹ́ 0.0.0.0, tàbí tó jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì róútà fúnra rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín fún un ló sábà máa ń lò. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ béèrè bóyá tiwọn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tó jáde kúrò nínú róútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, kí ẹ sì kọ tuntun náà síbi tí àlejò kò lè rí i.